Ẹbu Funfun Nínú Àgò Adìyẹ Mi

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n má bínú. Ọjọ́ tí mo bá ti rántí ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Okokomaiko, orí mi á gbóná. Tí mo bá bínú sí onílé tán, tí mo bínú sí àwọn ará ilé tán, ara mi ni màá padà dojú kọ.

Adìyẹ agíríìkì mẹ́jọ ni mo ní nínú àgò pákó lẹ́yìn ilé. Pupa ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì ń yé dáadáa. Mo máa ń fún ìyá yìí ní ẹyin méjì lọ́sẹ̀, torí àwọn ló máa ń bá mi fojú sí àgò náà tí mo bá lọ sí ìsọ̀ ìránṣọ mi ní Iba. Ègùn ni wọ́n, ẹja yíyan ni wọ́n ń tà. Ọkọ wọn ti kú. Yàrá kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ní, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nínú ẹ̀ kí èmi tó kó débẹ̀.

Nígbà tí oúnjẹ adìyẹ wọ́n gógó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi eérí ògì lú u. Mo rò pé mo gbọ́n. Kò pẹ́, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Èyí tí mo bá rí, èèpo ẹ̀ á fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà. Òmíràn ò tiẹ̀ ní èèpo rárá, á kàn rọ̀ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mi ò rí ẹyọ kan mọ́. Èérún pákó tó tutù ni mo máa ń bá níbi tí wọ́n ń yé sí.

Mo fún wọn ní oògùn aràn, mo pààrọ̀ omi wọn, mo fi tapólì bo àgò torí òjò. Pàbó! Mo wá gbà pé olè ló wà nílé. Mo dúró láàárín àgbàlá, mo ṣépè: “Ẹni tó ń jẹ ẹyin mi, inú á run ún!” Obìnrin tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn báyìí, ìyá yẹn ni mo bá lẹ́nu àgò. Wọ́n ń fọ́n ẹbu funfun sínú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Igbe tí mo fi bọnu, gbogbo ilé ló tú jáde.

“Ìkarahun ni, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ìkarahun ìsáwùrú ni mo gún. Ẹyin tó o fún mi kẹ́yìn fọ́ sí mi lọ́wọ́, ni mo bá ní kí n—”

Mi ò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Ìkarahun wo? Ta ló ń gún ìkarahun fún adìyẹ? “Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń ṣoògùn sí mi lẹ́yìnkùlé?” Mo gbá ẹbu náà jáde, mo da òróró àdúrà sílẹ̀, mo ka Sáàmù lé e. Obìnrin ọ̀kánkán mi pàtẹ́wọ́: “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

Mo lọ fẹjọ́ sun onílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó pè wá sípàdé. Kò bi ìyá ní nǹkan kan. Ó ní òun ò lè fi oníṣẹ́ ibi sílé, kí wọ́n kó jáde kóṣù tó parí. Ìyá ní, “Níbo ni kí n lọ?” Wọ́n sì yíjú sí mi. Èmi nìkan ni ẹnu mi lè gbà wọ́n níbẹ̀, torí èmi ni mo fẹjọ́ sùn. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹbu ti kúrò, òróró wà nílẹ̀, ẹyin ò padà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mi ò lọ sí ìsọ̀. Mo dojú korobá dé, mo jókòó lé e, mo ń ṣọ́ àgò. Ní ìyálẹ̀ta, èyí tó sanra jù nínú wọn yé. Ó dìde, ó yíjú padà, ó sọ ẹyin náà lẹ́nu, ni àwọn yòókù bá rọ́ lù ú. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń nu ẹnu mọ́lẹ̀. Àwọn adìyẹ mi ni olè! Inú bí mi débi pé mo gán èyí tó sanra yẹn mọ́lẹ̀, mo so ó lẹ́sẹ̀, mo gbé e lọ sí Alaba Rago kí n lọ tà á dànù.

Màlámù tó ń ta adìyẹ níbẹ̀ gbé e yẹ̀ wò, ó bi mí ohun tí mo fi ń bọ́ ọ. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, kí ló wà nínú eérí? Níbo ló ti fẹ́ rí èèpo ẹyin? Ẹyin tó bá rọ̀, adìyẹ á tọ́ ọ wò, tó bá sì ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó parí nìyẹn. Ẹ gún ìkarahun fún wọn. Àwọn tó ń gbé etí omi níbí mọ̀ ọ́n dáadáa.”

Mi ò tà á mọ́. Ọ̀kadà ni mo gùn dé ọ̀dọ̀ onílé, mo kúnlẹ̀ tòun ti adìyẹ lọ́wọ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo purọ́ mọ́ ìyá yẹn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró.”

Ó ní, “Ó ti bọ́. Ẹlòmíràn ti sanwó yàrá yẹn látoṣù tó kọjá.”

Oṣù tó kọjá! Ìpàdé wa ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin yìí ti gba owó ẹlòmíràn sápò, ọ̀nà tó máa gbà lé ìyá jáde ló ń wá, ni èmi òmùgọ̀ bá gbé ẹnu mi fún un. Mo bú u. Kò yẹ kí n bú àgbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo bú u, bí mo bá sì rí i lónìí, màá tún bú u.

Mo sáré dé yàrá ẹ̀yìn. Ìyá ń di ẹrù. Àbúrò wọn láti Àgbádárìgì ti dúró síta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo ń sunkún, mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ onílé, mo ń ka ti obìnrin ọ̀kánkán mi.

Wọ́n fa okùn ẹrù náà le. “Dìde, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Tiwọn ò dùn mí. Ìwọ ni mo rò pé o máa jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán.”