Bí Bàbá Mi Ṣe Tún Ṣọ́ọ̀bù Rẹ̀ Ṣe Kó Tó Tà Á

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju káńtà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lọ, Sabon Zongo ní Accra ni mo mọ̀ sí ilé. Ìnísà tí bàbá mi ti wá, orúkọ lásán ni létí mi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ má rò pé àlejò la ka ara wa sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ kéú, Haúsá àti Ga, èdè àwọn onílùú, sì dá ṣáká lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ. Lóòótọ́, Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ títí, ó ti dà bí orúkọ àbísọ.

Bàbá mi ń ta mílíìkì alágolo, ṣúgà, ọṣẹ, òwú ìránṣọ àti kẹrosíìnì. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi, páànù rẹ̀ sì ń jò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, ìyá mi ló ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì rẹ̀.

Àfi bí ìjọba ṣe kéde lórí rédíò pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé wo? Láti ìgbà tí bàbá mi ti dé ìlú yẹn ní ọ̀dọ́, ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Obìnrin Ga tó ń ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wí pé, "Kosẹ̀, kosẹ̀," bí wọ́n ṣe ń bá ni kẹ́dùn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ládùúgbò wa wá. Ọmọ onílùú ni, òun àti bàbá mi sì mọ ara wọn dáadáa. Ó ní òun fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù náà tọjàtọjà, ó sì dá owó tó ní láárí lé e. Mo rí bí ara ṣe tu ìyá mi.

"Bàbá wọn, ẹ gbà á," ni ìyá mi wí nígbà tí ọkùnrin náà jáde. "Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ kì í yan ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀."

Bàbá mi mi orí. "Ṣọ́ọ̀bù tó ń jò ló dá owó yẹn lé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un ṣe. Bó bá rí i tó dán, yóò fi nǹkan lé e."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá mi kò gọ̀. Òun ló kọ́ mi pé wọn kì í gbé ọjà eléruku síwájú oníbàárà. Ọ̀nà tó mọ̀ ló tọ̀. Owó ọkọ̀ tí ìyá mi ti dì pamọ́ ló gbà, ó ní kó fọkàn balẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù yóò dá a padà. Ó ra páànù tuntun, ó ra ọ̀dà, ó kun ìta, ó kun inú. Ó kan pẹpẹ mọ́ ògiri, ó sì lọ ra ọjà kún un, nítorí ó ní ẹni tó bá rí pẹpẹ òfìfo yóò mọ̀ pé ebi ń pa onílé. Gbogbo wa la ṣiṣẹ́. Àwọn Alata yòókù ń di ẹrù, àwa ń kun ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọjá lọ a dúró wò ó, inú bàbá mi a sì dùn. Èmi náà ń rò ó lọ́kàn pé bóyá bí ìjọba bá rí ṣọ́ọ̀bù tó dára báyìí, wọn yóò ní kí a dúró.

Ọjọ́ tó kù kò pọ̀ mọ́ nígbà tí onísìmẹ́ńtì padà wá. Ó wọlé, ó fọwọ́ pa pẹpẹ, ó gbójú sókè wo páànù, ó ní ó dára, ó dára gan-an. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ owó tí kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Bàbá mi bi í pé kí ló dé. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Haúsá ló fi dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀: "Hàkúrì, Alata, ṣe sùúrù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ti gbówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ ti ń tán. Bí mo bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀fẹ́ ni n ó bá a níbí."

Kò parọ́. Gbogbo Alata tó wà ní Zongo ló ń ta nǹkan, ta ni yóò rà á? Bàbá mi jókòó sórí páálí mílíìkì. Ìyá mi kò bá a jà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó kàn nawọ́ gba owó náà, nítorí láìsí i, a kò ní rí ọkọ̀ wọ̀. Owó yẹn gbé wa dé Ìnísà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́kù.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọmọ-ọmọ mi ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ashaiman, lẹ́bàá Accra níbẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ó fẹ́ tà á báyìí. Ó ń sọ fún mi lórí fóònù pé níbi tí àwọn ti kọ́ ìmọ̀ òwò, wọ́n ní kí ènìyàn tún òwò ṣe, kí oníbàárà pọ̀, kó tó gbé e sọ́jà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé pé ẹni tó bá ní àsìkò nìkan ló ń rí èrè àtúnṣe gbà. Àsìkò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí a dé Ìnísà, àwọn ẹbí ń kí bàbá mi pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí tajà. Wọ́n ní kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ní ìlú tí wọ́n bí i sí, níbi tí kò sí ẹni tó lè lé e, ìwọ̀n ọjà tí ènìyàn kan lè fi orí rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tà títí ó fi kú.