Etí Ìyá Mi sí Àmín

Nígbà tí ìyá mi wà láyé, tí a bá gbàdúrà òwúrọ̀ tán, kì í tètè dìde lórí ìkúnlẹ̀. Á kọ́kọ́ gbọ́ Àmín àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ní, "Tìrẹ ò kún ẹnu lónìí. Ta ló bá ọ jà?" Ọmọ náà á sì jẹ́wọ́.

Èmi náà létí o. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì tó máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìkẹ́rẹ́ tí n kò ní mọ ohun tó ń ṣe é kí awakọ̀ tó lanu. Fóònù tí mo rà fún àkọ́bí mi obìnrin láti fi kàwé, kò sírú rẹ̀ ládùúgbò wa.

Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni ìyá mi ti ń mirí sí Àmín ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọmọ yìí ò sí nínú ulé."

"Ẹ̀yin Màámi, òun rèé níwájú yín!"

"Mo rí i. Mi ò gbọ́ ọ ni." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Kí ló wà nínú fóònù yìí tó ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Ìyá mi gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi. "Ìwọ lo rà á. Ṣí i ká wò ó."

N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Ìyá mi ti lọ báyìí. Láàárọ̀ yìí, ojú àkọ́bí mi wú. Mo ní kó tún Àmín rẹ̀ wí. Ó tún un wí. Mo tẹ́tí bí ẹni ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Àmín náà dún geere. N ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.