Ìlà Kọkànlélọ́gbọ̀n

Gúnrégé ni gbogbo ọgbà ìkànkọ̀ ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ kan náà. Ọ̀pá irin kan wà nínú ikùn ọkọ̀ ogun, ó gùn ju ilé alájà méjì lọ. Ara ẹ́ńjìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ bá abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lábẹ́ omi. Ihò mẹ́rin ni ọ̀pá náà gbà kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ gba àárín gbùngbùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá fi ìwọ̀n irun orí kan ṣoṣo yẹ̀, yóò máa ha ihò, ihò yóò gbóná, ọkọ̀ yóò dúró lójú agbami. Gúnrégé ni kì í jẹ́ kó yẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò rí gígún kankan lára rẹ̀. "Ẹ wá wo fọ́tò tó kàn mọ́ ògiri," ló máa ń sọ fún àlejò. "Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó lè rí ojú ìyá mi."

Nígbà tó yá, àwọn ológun ojú omi ra ọkọ̀ ogun tuntun mẹ́ta lọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rà. Ó wà nínú àdéhùn. Wọn yóò kan ọ̀kan lọ́hùn-ún kí àwọn òṣìṣẹ́ wa máa wò, kí wọ́n sì máa kọ́ ọ. Méjì tó kù, ilé níbí. Àwòrán tiwọn, ọwọ́ tiwa.

Ẹnì kan ṣoṣo ni àyè wà fún lára àwọn tó ń to ọ̀pá. Àwọn méjì ló ṣe ìdánwò rẹ̀: Gúnrégé, àti Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ni obìnrin kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ojú rẹ̀ mú, ó lè rá wọ ibi tí ejò yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀. Òun ló gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni kó lọ.

Abẹ́rẹ́ ò jà. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, eléèpo líle, ó gbé e lé Gúnrégé lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ fún mi."

"Gbogbo rẹ̀ ni mo máa kọ."

"Ẹ má kọ ti òtútù. Ìyẹn, mo lè fojú inú wò ó."

Oṣù mọ́kànlá lọ́hùn-ún. Yàrá kékeré kan, tábìlì kan, ìbọ̀sẹ̀ tó ń gbẹ lórí ẹ̀rọ amúlé-móoru. Àgbàlagbà kan ló ń kọ́ ọ níṣẹ́. Àgbà ni Gúnrégé ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ìwé kan wà láàárín àwọn méjèèjì, ogójì ìlà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí Àgbà bá ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan, yóò fọwọ́ sí i lápá òsì pé òun ti fún un. Gúnrégé yóò fọwọ́ sí i lápá ọ̀tún pé òun ti gbà á. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò kọ ọ́ sínú ìwé Abẹ́rẹ́.

Ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n: wíwọn ọ̀pá ní ìdájí. Ìdájí mẹ́ta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ní ti àkọ́kọ́, iná ọgbà lọ. Ní ti ìkejì, ẹ̀yìn Àgbà ò jẹ́ kó dìde lórí ibùsùn. Ní ti ìkẹta, aago dún létí Gúnrégé, ó tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ìgbà tí yóò fi lajú, oòrùn ti tẹ́ sórí aṣọ ìbora rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni bàálù rẹ̀ yóò gbéra. Òun àti Àgbà jókòó nínú ilé oúnjẹ ọgbà. Ìlà mọ́kàndínlógójì ti kún. Àgbà fi ìka lé èyí tó ṣófo.

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi."

Kò yé e. Kò tilẹ̀ mọ ìdí tó fi jẹ́ ìdájí. Àgbà di kálàmù mú títí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni òun náà ń fẹ̀yìn tì. Ìwé tí kò kún yóò dá a padà síbi iṣẹ́. Ó fọwọ́ sí i. Ó ti kálàmù sọ́dọ̀ Gúnrégé.

Nínú ìwé Abẹ́rẹ́, Gúnrégé fi ojú ewé kan sílẹ̀ lófìfo. Yóò kọ lẹ́tà béèrè tó bá délé. Kò kọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Abẹ́rẹ́ fi ka ìwé náà tán. Ó wá bá a nídìí iṣẹ́, ìka rẹ̀ ṣì wà láàárín ewé.

"Ẹ̀gbọ́n, ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n ṣófo."

"Wíwọn ọ̀pá ni. Ìdájí ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdájí?"

"Mi ò mọ̀." Ohun tó yẹ kó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti òkèèrè dé ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ariwo ni," ó wí. "Kí ẹnikẹ́ni má bàa máa lu irin nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n."

"Tó bá jẹ́ ariwo nìkan ni, ṣebí a lè dá gbogbo òòlù dúró lọ́sàn-án? Ó sàn ju kí gbogbo wa máa jí rìn nínú òkùnkùn."

"Ìyẹn náà dáa."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, lọ́dún kejì, nígbà tí ọkọ̀ wa kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Aago méjì ọ̀sán. Òòlù dákẹ́ jákèjádò ọgbà. Oòrùn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ dojú bolẹ̀ nínú ikùn irin fún wákàtí méjì, ó ń ka nọ́ńbà. Ẹni tó bá kà á ló ń fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Lórí ìwé, ọ̀pá náà gún régé.

Ọkọ̀ bọ́ sí agbami fún ìdánwò. Ní wákàtí kẹrin, ihò kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ọkọ̀ kékeré kan ló wọ́ ọ wálé, lójú gbogbo èèyàn tó ti wá pàtẹ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Ènìyàn mẹ́fà, tábìlì gígùn, fáànù kan tó ń ké. Lẹ́tà ti dé láti òkèèrè pé ìdájí ló yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n pe Abẹ́rẹ́.

"Ta ló yí i sí ọ̀sán?"

Ó wo Gúnrégé, ẹ̀ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn bá òun gbé ẹrù.

"Èmi ni, sà."

Wọ́n yíjú sí Gúnrégé. Ìwé ológójì ìlà wà níwájú wọn.

"Ṣé wọ́n kọ́ yín ní gbogbo ohun tí ẹ fọwọ́ sí yìí?"

"Wọ́n kọ́ mi, sà."

"Ṣé ẹ sọ fún un pé ìdájí ni?"

"Mo sọ fún un pé ìdájí ni, sà."

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, òótọ́ ni. Òun gan-an ló burú jù.

Wọ́n gbé Abẹ́rẹ́ lọ sí sítọ̀, kó máa pín bóòtù àti ìbọ̀wọ́. Ní ti ọkọ̀ kejì, wọ́n ní kí àwọn òyìnbó wá to ọ̀pá rẹ̀ fúnra wọn. Lọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìwé eléèpo líle sórí tábìlì Gúnrégé.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ kò fi ojú oore wò ó.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé ariwo ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Tí mo bá sọ, wọ́n á ní irọ́ ni mo fọwọ́ sí."

"Ṣé òótọ́ lẹ fọwọ́ sí ni?"

Obìnrin náà mú òòlù, ó tún fọ́tò ìyá rẹ̀ kàn fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò fi pa àlejò lẹ́rìn-ín mọ́.

Àgbà ni wọ́n rán wá. Wọ́n ti pè é padà láti ilé ìsinmi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òun àti Gúnrégé wọ inú ọkọ̀ ní ìdájí, wọ́n wọn ọ̀pá, wọ́n jáde. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ó di ọwọ́ Gúnrégé mú, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Gbígbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó fà á yí ká sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Tútù bí ìdí ìkòkò omi.

"Irin máa ń wú," Àgbà wí. "Ẹ̀gbẹ́ kan wú, ìkejì ò wú. Ọkọ̀ á tẹ̀." Ó fi ìka méjì hàn án, irun orí kan ni ìbá gba àárín wọn. "Ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n."

Kò wo ojú Gúnrégé nígbà tó ń sọ ọ́. Gúnrégé náà ò wo tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ó gba ọdún márùn-ún kí Gúnrégé tó gbé ìwé Abẹ́rẹ́ lọ sí sítọ̀. Ọjọ́ tó ń fẹ̀yìn tì ni. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn fèrèsé onírin, awò kíkà wà lójú rẹ̀ báyìí. Gúnrégé ti ìwé náà gba abẹ́ irin, ó ṣí i sí ojú ewé tó ti ṣófo rí.

Abẹ́rẹ́ kà á. Ó tún un kà. Inú ni ẹ̀jẹ̀ wà tí a fi ń tu itọ́ funfun. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Tí ojú ọjọ́ bá ṣú ńkọ́?"

"Ó sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájí ṣì ni."

"Tí òjò bá na ẹ̀gbẹ́ kan tí kò na ìkejì?"

"Kí a dúró, kó gbẹ. Kí méjèèjì bára mu."

"Wákàtí mélòó lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀?"

"Mẹ́jọ, ó kéré tán."

Ó mi orí. Ìka rẹ̀ ń fa ìlà kan lórí tábìlì, tààrà, láti ihò kan sí òmíràn tí ẹnikẹ́ni ò rí.

"Ó yé mi," ó wí.

"Àbúrò, lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ yẹn, èmi ni mo…"

"Ẹ̀gbọ́n. Mo ní ó yé mi."

Ó pa ìwé dé, ó fi í sábẹ́ tábìlì. Jórinjórin kan ti dúró sẹ́yìn Gúnrégé, ó ń na ọrùn.

"Mọ̀mí, ẹ bá mi wá ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ òsì nìkan."

"Òsì nìkan? Ta ló jẹ ọ̀tún?"

"Ọ̀tún ò tíì jóná, Mọ̀mí."

Gúnrégé yẹ̀ fún un. Abẹ́rẹ́ na ìbọ̀wọ́ jáde lábẹ́ irin, ó ṣí ìwé ńlá sítọ̀. Jórinjórin ti mú kálàmù, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé.

"Rárá," Abẹ́rẹ́ wí. "Gbà á ná, kó o tó fọwọ́ sí i."