Ọwọ́ Ìyá Mi àti Omi Gbígbóná

Omi gbígbóná ń wù mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ọyẹ́ bá mú ní Bódìjà, tí mo gbọ́ tí aládùúgbò mi ń da omi gbígbóná sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, màá dúró sẹ́nu fèrèsé bálùwẹ̀ tèmi, màá máa jowú rẹ̀. Òun á máa kọrin. Èmi á bu omi tútù sára, eyín mi á máa gbá ara wọn. Ọdún kẹrin rèé tí omi gbígbóná ti kan ara mi kẹ́yìn, ẹni tó sì fi kàn mí kẹ́yìn ni ìyá mi.

Òkè-Àdó ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Aládùúrà ni wọ́n, aṣọ funfun wọn kì í kúrò lórí okùn. Àmọ́ kí n má parọ́, bí wọ́n ṣe gba àdúrà gbọ́ náà ni wọ́n gba omi gbígbóná gbọ́. Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni o, inú ń run ọ́ ni o, ọkàn rẹ bàjẹ́ ni o, ohun kan náà ni wọ́n á sọ: lọ gbé omi kaná. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kan ṣoṣo, ogójì ọjọ́ gbáko ni wọ́n fi wà lọ́dọ̀ mi. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ki aṣọ ìnura bọ omi tó ń hó, wọ́n á fún un, wọ́n á sì fi tẹ ikùn mi títí màá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ìyá mi ni wọ́n. Gaàrí ni wọ́n fi ogún ọdún yan, atẹ́lẹwọ́ wọn ti yi, ohun tó ń jó ẹlòmíràn kì í jó wọn. Ṣùgbọ́n oorun tó máa ń tẹ̀lé omi náà, mi ò tíì sun irú rẹ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo ní ní Àgbọ́wọ́ nígbà tí àìsàn tó gba omi gbígbóná lọ́wọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọwọ́ mi yá, ẹnu mi náà yá; ẹni tó bá kó ìkọkúkọ wá bá mi á gbọ́ tirẹ̀ kó tó lọ. Lọ́jọ́ kan, mo rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé etí títì, ọmọbìnrin kan sì sáré tẹ̀lé mi, ó ní, "Àǹtí, bàtà yín kan ti bọ́ sẹ́yìn." Mo wolẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì mi wà lásán lórí ọ̀dà tí oòrùn ti yan, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ogbó ti dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ọ̀tún mi ṣú fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó tún là. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kiri ọjà Bódìjà lọ́sàn-án gangan, mo sì gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ọ̀sán yìí náà ló ti mutí yó." Mo yíjú sí i, mo sọ ohun tí mi ò lè kọ síbí. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Ìyá mi gbọ́, wọ́n kó ẹrù wọn dé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ìparí oṣù ló ń wálé, nítorí náà inú mi dùn pé mo rí ènìyàn tèmi. Omi àdúrà wà nínú ẹrù náà, aṣọ ìnura méjì tó nípọn náà wà níbẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á mú mi jókòó sórí àpótí, wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ mi láti itan dé ọmọ ìka. Mo gbádùn rẹ̀ kọjá sísọ. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò ní gbé mi, ojú mi á sì tún ṣú. Wọ́n á gbé mi dé orí ibùsùn, wọ́n á ní, "Àìsàn náà ló ń jáde yẹn, ọmọ mi. Bó bá fẹ́ lọ, ó máa ń jà." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á jẹ́ kí omi náà gbóná sí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n dé ni èsì àyẹ̀wò tí mo ti ṣe nílé ìwòsàn jáde. Dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti iṣan ara sọ pé multiple sclerosis ni wọ́n ń pè é, pé MS ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é kó má bàa gùn jù lẹ́nu. Ó ya nǹkan sórí ìwé fún mi. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ti kọjú sí èmi fúnra mi: wọ́n ń jẹ ohun tó bo iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Ó ní kí n ro wáyà iná tí rọ́bà rẹ̀ ti bó. Iná á wá, iná á lọ, nígbà mìíràn kò ní dé ibi tí a rán an rárá. Kì í tán lára, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń dín ọwọ́ rẹ̀ kù, mo sì lè bá a gbé títí di arúgbó. Ó wá béèrè bóyá ooru máa ń dà mí láàmú. Mo ròyìn omi ìyá mi fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ooru kì í jẹ́ kí irú iṣan bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, kí á dá omi náà dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ó yẹ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Mi ò fara balẹ̀. Ẹ̀rù ti bà mí láti ilé ìwòsàn dé ilé, oòrùn ti pa mí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, nígbà tí mo sì wọlé, omi ti ń hó lórí gáàsì. Mo jágbe mọ́ wọn. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín sọ mí di arọ ni?" Wọ́n pa gáàsì, wọ́n ká àwọn aṣọ ìnura náà, wọ́n sì wo ọwọ́ wọn méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà sí Òkè-Àdó.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, ìyẹn nígbà tí mo ṣì lè kúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò bínú, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú ju ìbínú lọ: wọn ò fọwọ́ kàn mí mọ́. Bí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á se ọbẹ̀ tí mo fẹ́ràn, wọ́n á gbé àwo síwájú mi, wọ́n á lọ jókòó sórí àga òdìkejì. Bí mo bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, wọ́n á pe ará ilé mìíràn kó wá dì mí mú. Wọ́n ń gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ní, "Mi ò ní fọwọ́ mi ṣe ọmọ mi léṣe lẹ́ẹ̀kejì."

Báyìí ni ọdún mẹ́ta fi lọ. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń bá nǹkan yìí gbé. Àárọ̀ kùtù ni mo ń jáde, kí oòrùn tó le. Mo ti gbé ṣọ́ọ̀bù jù sílẹ̀. Ilé ni mo ti ń tẹ iṣẹ́, pẹ̀lú ìka mẹ́fà tó ṣì ń gbọ́ tèmi. Bí wọ́n bá mú iná lọ, màá fi aṣọ tútù wé ọrùn, màá sì nà gbalaja sórí ilẹ̀. Àwọn tó bá ní ara mi mà dá ṣáṣá, kí ni mò ń fi ọ̀pá ṣe, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá bá mi gbé ara náà lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ìyẹn ni mo lè fara dà. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé ìyá mi wà láàyè, inú ìlú kan náà la jọ wà, àárò ọwọ́ wọn sì ń sọ mí bí ẹni pé wọ́n ti kú.

Lọ́dún tó kọjá, mo tan wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ní mi ò rí ẹni tó máa sìn mí lọ. Dókítà dìde kí wọn, ó ní, "Mama, omi yín kọ́ ló fa àìsàn yìí. Ó ti wà lára ọmọ yín kí ẹ tó dé. Ooru kàn máa ń jẹ́ kó le sí i fúngbà díẹ̀ ni; bí ara bá ti tutù, yóò rọlẹ̀. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́." Ìyá mi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n wá béèrè pé, "Omi tútù ńkọ́?" Ó ní omi tútù dára.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, oòrùn ò tíì yọ dáadáa tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n gbé ike yìnyín dání, Mọ́kọ́lá ni wọ́n ti yà rà á. Wọ́n mú mi jókòó sétí ibùsùn, wọ́n da yìnyín náà sínú omi, wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ mi lé itan wọn. Làkúrègbé ń bá ìka wọn jà, òtútù ni kò sì fẹ́ rí. Mo rí i bí ojú wọn ṣe fún pọ̀ nígbà tí ọwọ́ wọn wọ inú omi náà. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀." Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé ẹnu yẹn náà ló kó wa sí gbogbo èyí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mí láti orúnkún wá sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo dijú kí n lè mọ̀ ọ́n lára dáadáa. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Láàárín ọdún mẹ́ta tí mo fi ń wá ọwọ́ yìí, àìsàn náà ti pa gbogbo ibẹ̀ kú tipiri. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, dókítà ti fi abẹ́rẹ́ dán an wò níṣojú mi, ṣùgbọ́n mo ti rò pé ọwọ́ ìyá mi á yàtọ̀. Mo lajú. Ìka wọn ti pọ́n. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ṣé ó ń dé ọ lára?"

Mo ní, "Ó ń dé mi lára, mà." Wọ́n tún ki ọwọ́ bọ omi náà. Mi ò dijú mọ́. Mo fi ojú tẹ̀lé ọwọ́ wọn dé gbogbo ibi tó dé, títí wọ́n fi nu ẹsẹ̀ mi gbẹ.