Wọ́n Sun Òkú Kóòṣì Akínfẹ́mi Nígbà Tí Ìgbìmọ̀ Ń Yan Ọjọ́

Kóòṣì Akínfẹ́mi kú sí ilé ìwòsàn kan ní Hamburg ní oṣù Kejì ọdún 2007. Àìsàn ọkàn ló pa á, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Wọ́n dáná sun òkú rẹ̀. Wọ́n da eérú rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n sì rì í mọ́ ilẹ̀ tí kò sí orúkọ kankan lórí rẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà, ẹni tó bímọ, tó ní odidi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń pè é ní bàbá! Ta ló sun ún? Kì í ṣe ọ̀tá. Òfin ìlú ni pé bí ẹnikẹ́ni ò bá wá gba òkú lásìkò, ìjọba á sin ín bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ta ni kò wá gbà á? Àwa ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn ọmọ wa ń lọ ní Hamburg kò rí ẹni wá wò ó. Ìyá tó bí wọn gan-an kì í wá. Akínfẹ́mi, tó ń gbé ẹrù nílé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá èbúté, ló lọ bá àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ àwọn ọmọ náà. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa gbìyànjú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Rothenburgsort, àdúgbò kan ní Hamburg, ó dìde láàárín ìjọ. Kò ní ká dáwó. Ńṣe ló pín agbábọ́ọ̀lù fún ìdílé: ìdílé kan, ọmọ kan. Ìdílé náà á bọ́ ọ lọ́jọ́ ìdíje, á sì jókòó síbi ìdíje títí tí yóò fi parí. Jens, ọmọ Jámánì kan tó gùn bí òpó iná, ló bọ́ sọ́wọ́ Adépéjú tó ń ṣe irun ní àdúgbò Billstedt.

"Kóòṣì, èyí tẹ́ ẹ fún mi yìí kò gba ẹnu ilẹ̀kùn mi wọlé. Kí ni màá fún un jẹ tí á yó?"

"Ìyá Tóyọ̀sí, ẹ ṣáà máa ro ẹ̀bà. Tó bá dúró sókè jù, ẹ ní kó jókòó."

Jens jẹ ẹ̀bà títí ó fi ń pè é ní Mọ́mì. Ọlálékan tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀ fún ìrìn-àjò Berlin. Ibi ìdíje kún. Ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ife.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn olówó dé. Olóyè Babalọlá, oníṣòwò oúnjẹ ní Reinickendorf, Berlin, ra bàtà àti jẹ́sì fún gbogbo wọn, ó sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Iṣẹ́ òwò ni mo kọ́ nílé ìwé, mo mọ̀ pé ilé kì í fìdí múlẹ̀ láìsí owó. Ṣùgbọ́n èèyàn ni ìpìlẹ̀, òun ni Akínfẹ́mi sì kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Bí àwọn èèyàn ò bá tíì sí níbẹ̀, kí ni owó Olóyè ì bá rà?

Nígbà tó wá kú ńkọ́? Oyèníkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń dúró de físà ní Abẹ́òkúta. Olóyè sọ fún un lórí fóònù pé, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Bàbá ẹ kì í ṣe ẹni tá a ń sin bí ẹni sin adìẹ." Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni alága. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Olóyè ò tíì ráyè. Gbọ̀ngàn tó tóbi kò tíì ṣófo. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká dúró kí àwọn ọmọ gba ife tọdún yìí, ká lè gbé e sórí pósí. Nílé, òkú lè wà ní mọ́ṣúárì títí wọn yóò fi kun ilé tán. Ṣé ilé ni Hamburg?

Wọ́n pe Adélékè, akọ̀wé ìgbìmọ̀, láti ilé ìwòsàn. Ó ní òun dá wọn lóhùn pé à ń bọ̀. À ń bọ̀! Ṣé à ń bọ̀ ni wọ́n fi ń gba òkú?

Adépéjú bẹ̀ wọ́n nípàdé: "Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lọ fọwọ́ sí i lọ́la, ká gbé Kóòṣì kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti wà lọ́wọ́ wa, ẹ ṣe ayẹyẹ tó wù yín."

"Ìyá Tóyọ̀sí, ẹ rọra. Ṣé irun lẹ fẹ́ dì ni? Ètò là ń ṣe." Olóyè ló wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìpàdé sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ètò pé, tí pósí oníwúrà dé láti Berlin, wọ́n lọ gba òkú. Òṣìṣẹ́ ìjọba wò wọ́n lójú, ó ní Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́mi ti wà nílẹ̀, eérú ni. Òdòdó tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ ti rọ sí yàrá Adélékè. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún náà dà? Ọdún mélòó ni Kóòṣì fi gbé orúkọ wọn ga? Kò sẹ́ni tó wá béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Jens béèrè lọ́wọ́ Adépéjú, lédè Jámánì, omi lójú rẹ̀: "Mọ́mì, gbogbo àwa tá a lè gbé pósí wọn wà nílùú. Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò pè wá?"

Ẹ dá ọmọ náà lóhùn.

Físà jáde. Oyèníkẹ́ dé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Kò sí ẹyọ ọmọ ìgbìmọ̀ kan ní pápákọ̀ òfurufú, Adépéjú nìkan ló lọ pàdé rẹ̀. Sùtánà funfun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ nílé ló wà lápá rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò bá mi wọ̀ ọ́ fún wọn?" Ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín nípàdé ló wá ṣẹ́ kù láti sọ fún un pé kò sí ara tí wọn yóò wọ aṣọ fún mọ́.

Kí ìgbìmọ̀ tú ká. Kí ilé ẹ̀kọ́ fi orúkọ Akínfẹ́mi sára gbọ̀ngàn ìdíje wọn, kí wọ́n sì bá wa béèrè òkúta orúkọ lórí ilẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Olóyè Babalọlá, tiyín ṣáájú. Ilé Adépéjú ní Billstedt ni Oyèníkẹ́ wà. Ẹ wọ rélùwéè láti Berlin, ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún un ìdí tí bàbá rẹ̀ fi jóná. Ẹ má rán akọ̀wé. Ẹ má pe ìpàdé lé e lórí. Òní ni kí ẹ lọ.