Ẹṣin Jákọ́bù Tí Inú Rẹ̀ Kò Dára

Gbogbo Ugbonla ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí olóògbé Jákọ́bù Olówòkéré dọ̀bálẹ̀ fún ẹṣin. Lórí iyanrìn etí òkun ni, pẹ̀lú aṣọ ìjọ́sìn lọ́rùn. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, fi jì mí," ló wí. "Ghan ní inú rẹ kò dára." Lẹ́nu tiwa, "ghan" ni "wọ́n".

Ẹṣin yẹn ló ń bọ́ ọ. Àwọn àlejò ń gùn ún ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ wú, dídìde di ogun, alápatà kan láti Igbokoda sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí Jákọ́bù lemọ́lemọ́. Ojú ẹṣin ló ń wò bó ṣe ń kí i. Ẹ̀rù ba Jákọ́bù, ló bá ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Dókítà tẹ ikùn ẹṣin, ó wo ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe orúnkún nìkan, inú ẹṣin yìí kò dára. Ó fi oògùn orúnkún sílẹ̀, ó fi ìyẹ̀fun kan kún un, kí wọ́n máa pò ó mọ́ eérí àgbàdo.

Lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, Jákọ́bù tí kì í bẹ̀rù ìgbì wá ń fi ọ̀pá ìtukọ̀ ti oúnjẹ sí ẹṣin láti òkèèrè. Ọmọ́lẹ́wà ìyàwó rẹ̀ bi í pé ìyẹ̀fun kí ni. Ó ní oògùn ìyọ́nú ni.

Nígbà tó yá, orúnkún tó wú náà ń lọ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ẹṣin dìde fúnra rẹ̀, ó forí lé ọ̀dọ̀ Jákọ́bù. Oúnjẹ ló ń wá. Bàbá bẹ́ sómi taṣọtaṣọ, ó ń ké pé ẹṣin ti ń bọ̀ wá gbẹ̀san.

Nígbà tí dókítà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ìfun ni mo ń wí, Bàbá." Ó ní àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ṣeni lóore wà nínú ìyẹ̀fun náà, bí ìfun bá ń gbóná, wàhálà rẹ̀ lè dé oríkèé, bó bá sì rọlẹ̀, ó lè ran oríkèé lọ́wọ́. Kò búra sí i o. Jákọ́bù ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó kú lọ́dún tó kọjá, ẹrù ẹṣin sì kù sí wa lọ́rùn. Ọmọ́lẹ́wà ló ń po ìyẹ̀fun báyìí. Láràárọ̀, ká tó ti ọkọ̀ sómi, ẹnìkan á yà wo ẹṣin náà.

"Ó dìde?"

"Ó ti dìde."

Ọkàn wa á wá balẹ̀, nítorí a fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.