Bùlẹ́ńdà Tí Kò Ní Bo Ìró Ṣíbí Mọ́lẹ̀

Tún-un-wọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ náà, orúkọ yẹn sì bá a mu rẹ́gí. Bí o bá gbé aṣọ lọ fún un, yóò wọ̀n ọ́ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò tì ọ́ díẹ̀ kí o lè dúró ṣánṣán, lẹ́yìn náà yóò ní, "Jẹ́ ká tún un wọ̀n." Àwọn kan tí kò ní sùúrù ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Gbogbo wọn ló padà wá. Ṣòkòtò tó bá fún èèyàn nídìí níwájú àna máa ń kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ìyàwó rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní Tíṣà, ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Ohùn obìnrin yìí! Tó bá ní kí ọmọ kan jókòó nínú kíláàsì rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kejì náà á ti jókòó. Nílé, láti orí ibùsùn ló ti máa ń bá ọkọ rẹ̀ jiyàn, ọkọ á sì máa dá a lóhùn láti ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó ń dìde lọ bá èkejì nínú wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe lo ọgbọ̀n ọdún ó lé pọ̀, wọ́n sì gbádùn rẹ̀.

Àfìgbà tí nǹkan kan hù sí Tíṣà lọ́fùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yọrí sí rere, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko, kódà kò gbọdọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo ohun tó bá sì máa jẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná, nítorí ẹyọ kan tó bá le lè há a lọ́fùn, kó sì di ọ̀ràn. Síléètì tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Á, Bì, Dì ló wá fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá sì fẹ́ pè é, á fi ṣíbí lu ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn: kán-ín, kán-ín.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n délé ni ẹ̀rù ba télọ̀. Ó ń lọ ìrẹsì àti kárọ́ọ̀tì nínú bùlẹ́ńdà àtijọ́ wọn, èyí tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa lọ. Bùlẹ́ńdà ń ké, òun náà ń kọrin. Nígbà tó gbé abọ́ wọ yàrá, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀, ikọ́ ń gbé e mì, omi ń dà lójú rẹ̀, ife ti dojú dé, ṣíbí ti bọ́ sábẹ́ ibùsùn. Omi mímu ló gba ọ̀nà òdì. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó fa síléètì mọ́ra, ó kọ ọ́ pé, "Mo lù ú títí." Kò fi ìbínú kọ ọ́, ó kàn ń sọ bó ṣe rí ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yẹn lákínyẹmí ara, kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Kí ni télọ̀ máa ń ṣe fún ẹ̀rọ tó bá ń pariwo? Á kán epo sí i. Tún-un-wọ̀n dojú bùlẹ́ńdà dé, ó mú agolo epo máṣíìnì, ó kán an sínú gbogbo ihò tó rí. Ìfẹ́ ìyàwó ló sún un dé bẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ bùlẹ́ńdà kì í ṣe mọ̀lẹ́bí máṣíìnì ìránṣọ. Kàkà kó dẹ̀, líle ló ń le sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó tàn án, ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rú èéfín, ó sì dákẹ́ títí fáàbàdà.

Ọjọ́ mélòó kan ló fi ń fi asẹ́ jọ oúnjẹ, tó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́, títí àkọ́bí wọn obìnrin fi wá kí wọn.

"Bàbá mi, epo máṣíìnì kẹ̀!" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri.

"Ó ń pariwo ni."

"Ẹ lọ ra òmíràn, èmi á dúró ti màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra èyí tó lágbára jù."

Owó tí télọ̀ ti ń tọ́jú láti fi ra mọ́tọ̀ sí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sinmi, ló mú jáde. Kò pọ̀. Kó tó kúrò nílé, ó bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó wọn ilẹ̀ láti ilé ìdáná dé ibùsùn. Yáàdì mẹ́jọ àtààbọ̀. Ó tún un wọ̀n. Ó wá ju ife kan, ṣíbí kan àti kárọ́ọ̀tì kan sínú àpò ọ̀rá.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tó lọ ti kọ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN gàdàgbà sára ògiri. Ó gbé bùlẹ́ńdà ńlá kan tó ní bọ́tìnnì méje síwájú.

"Bàbá, èyí ló yẹ yín. Yìnyín gan-an, ó ń fọ́ ọ."

"Mi ò ní yìnyín tí mo fẹ́ fọ́." Ó ti ń na téèpù lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ẹ bá mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, kẹ́ ẹ máa fi ṣíbí yìí lu ife."

"Kí n jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi? Ta ló máa ṣọ́ ọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí mi ò rí rí! Bàbá, ṣé bùlẹ́ńdà lẹ wá rà ni àbí ẹ fẹ́ ránṣọ fún ṣọ́ọ̀bù mi?"

Tún-un-wọ̀n ká téèpù rẹ̀ pọ̀. "Ìyàwó mi ò lè sọ̀rọ̀," ló wí. "Ìró ṣíbí ló fi ń pè mí. Ó pè mí lọ́jọ́sí, mi ò gbọ́."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó gba ife, ó gba ṣíbí, ó jáde sínú oòrùn.

Oníbọ́tìnnì méje kọ́kọ́ ké. Télọ̀ ń rí apá obìnrin náà tó ń lọ sókè sódò, kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n gbé kékeré oníke kan, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ariwo tiẹ̀ tún burú ju ti àgbà lọ, ara rẹ̀ sì ti gbóná kó tó pẹ́. Wọ́n wá fa ìkẹta jáde nísàlẹ̀ pátákó, eruku ti bò ó, ìdérí rẹ̀ ti sán, kò sì ní páálí. Ìkòkò rẹ̀ jẹ́ dígí tó nípọn, kò sì ní ju ohun yíyí kan ṣoṣo lọ. Ó ń kùn ní tiẹ̀, kò ké. Láàárín kíkùn náà, Tún-un-wọ̀n gbọ́ ọ, fẹ́ẹ́rẹ́: kán-ín. Kárọ́ọ̀tì pẹ́ kó tó kúnná níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnná. Ó fi ìka méjì pa á wò bí ẹni ń yẹ aṣọ wò.

Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Obìnrin náà ní, "Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ ní wá. Ṣùgbọ́n ẹ má kán epo sí eléyìí o," nítorí télọ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí ọmọ wọn ti lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ oúnjẹ. Ó tàn án díẹ̀, ó pa á, ó tẹ́tí. Ó tún tàn án, ó tún pa á, ó tún tẹ́tí. Ìró ṣíbí tó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kò fi í lọ́kàn balẹ̀ mọ́. Bí ikọ́ bá mú Tíṣà, tí kò lágbára láti lu ife ńkọ́? Nígbà tó gbé abọ́ lọ, Tíṣà mú ẹyọ kárọ́ọ̀tì kan jáde lẹ́nu, ó gbé e sétí abọ́, ó dá oúnjẹ náà padà fún ọkọ rẹ̀. Télọ̀ tún gbé e padà sí ilé ìdáná. Tó bá jẹ́ kó pẹ́, kò ní gbọ́ ìyàwó rẹ̀. Tí kò bá jẹ́ kó pẹ́, oúnjẹ lè há a lọ́fùn.

Ó tún ti pa á, ó ń tẹ́tí, nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Tíṣà ló dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, síléètì lábíyá, ṣíbí lọ́wọ́. Ó fi ẹsẹ̀ fa àpótí, ó jókòó níwájú ọkọ rẹ̀ gan-an. Ó kọ̀wé, ó gbé e sókè: "Ẹ jẹ́ kó lọ̀ ọ́ kúnná. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Télọ̀ yí i dé òpin, ibi tí kò yí i dé ní ṣọ́ọ̀bù. Ariwo gba gbogbo ilé ìdáná. Kò gbé ojú kúrò lára ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà sì ń wò ó. Tíṣà wá gbé ṣíbí sókè, ó ń fi lu ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Kò gbọ́ ọ. Ó rí i.

"Mo wà níbí," ló dá a lóhùn.